Ìṣẹ́tí Aṣọ Tí Ìyá Wa Ò Rán Tán

Má jókòó síbẹ̀ yẹn. Mo ní má jókòó sórí àga yẹn, fa àpótí tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí o fìdí lé e. Mi ò mu omi, mi ò sì fẹ́ kí o bẹ̀ mí, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí o ti ń bẹ̀ mí. Ọmọ rẹ ló rán ọ, àbí? Ó ní kí o wá bi mí ìdí tí mo fi lé Alákọsílẹ̀ tó ń ṣètò ìgbéyàwó rẹ̀ jáde lánàá tòun ti pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, ìdí tí mo fi tilẹ̀kùn mọ́rí, ìdí tí àgbàlagbà bíi tèmi fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó dáa bí o ṣe wá. Ìwọ gan-an ni mò ń retí, nítorí ìwọ lo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí aṣọ ìyá wa fún ọmọ rẹ. Ìwọ ni o. Má wo òrùlé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ta ni o bi? Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ta ni o bi léèrè? Nígbà tí mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, tí mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn tí mo fi lé ọ lọ́wọ́, kí ni mo wí? Mo ní tọ́jú rẹ̀ fún mi. Mi ò ní kí o lò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò nílé ìwòsàn tí wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, kí n tó padà dé o ti ṣí ohun tí mo tì pa láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá wa. Nígbà tí mo sì bi ọ́, o rẹ́rìn-ín, o ní ṣebí aṣọ àtijọ́ lásán ni. Aṣọ àtijọ́ lásán! Kí lo mọ̀ nípa aṣọ?

Gbọ́ mi yé o, kò sí ohun tó burú nínú ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ ní òun fẹ́ ìgbéyàwó ayé jáàsì, ayé ìgbà tí bàbá wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fun fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ olórin, kí àwọn obìnrin wọ aṣọ oníwajawaja, kí wọ́n de ìyẹ́ mọ́rí, kí àwọn ọkùnrin wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú bótáì, kí giramafóònù máa kọrin lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo ní ó dáa. Ta ló rán aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Èmi ni. Gbogbo fọ́nrán tó ń mì lẹ́sẹ̀ aṣọ wọn yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi so ó níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìwọ náà, ìwọ tí o wọ sálúbàtà lọ síbi ìgbéyàwó tìrẹ, mo rí ọ níwájú dígí tí o ń dán bàtà dúdú-òun-funfun wò, o ń yídìí bí ọmọ ogún ọdún, mi ò sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn. Mo ní níbikíbi tí bàbá wa bá wà, á gbọ́ ìró fèrè, á rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí ọmọ wọlé síbí, tó gbé aṣọ ìyàwó inú àpótí yẹn lé apá méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, tó ní, “Màmá Aránṣọ, ẹ wò ó, wọn ò rán ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹ bá mi parí ẹ̀.” Mo di ògiri mú.

O kì í ṣe aránṣọ, jẹ́ kí n là á yé ọ. Nínú iṣẹ́ wa, bí ìyá wa ṣe kọ́ mi, bí ẹni tó kọ́ òun náà ṣe kọ́ ọ, a kì í rán aṣọ ìyàwó tán sílẹ̀. O lè parí ọrùn rẹ̀, o lè parí ẹ̀gbẹ́, o lè to ìlẹ̀kẹ̀ sí gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan ìṣẹ́tí, wàá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láìrán. Wàá gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni ìyàwó á wọ̀ ọ́, á dúró, wàá kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀, wàá rán èyí tó kù mọ́ ọn lára, wàá sì fi eyín gé òwú náà. Nígbà náà ni aṣọ tó rí ẹni tó ni ín. Aṣọ ìyàwó tí a rán tán kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣe ló máa ń wá ẹlòmíràn kiri. Rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń rán gbogbo rẹ̀ gbuurugbu.

Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ yẹn. Ó ti dípẹtà, ó ti lẹ̀ mọ́ ṣẹ́dà náà, òwú rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí wọ́n gún un sí. Wá bi ara rẹ. Bó bá jẹ́ ti ìyá wa ni aṣọ yẹn bí o ṣe rò, ta ni kò jẹ́ kó rán an tán? Ìyá wa tí kì í jẹ́ kí bọ́tìnnì kan já lára wa di ọ̀la!

O ò bi ara rẹ. Fọ́tò lo gbájú mọ́. Fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ àpótí, bàbá wa tó há fèrè mọ́ abíyá, obìnrin tó dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo ní ìyá wa nìyẹn nígbà tí kò tíì sanra. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọ́n gbé ṣiṣẹ́. Alákọsílẹ̀, tí kì í rí nǹkan kó má kọ ọ́ sílẹ̀, gbé fọ́tò lọ sílé ìtẹ̀wé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú gbogbo ìwé ìpè, wọ́n tún tẹ ọ̀kan tó ga tó ilẹ̀kùn, tí wọ́n fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “Bàbá àti Ìyá Wa, Níbi Tí Gbogbo Rẹ̀ Ti Bẹ̀rẹ̀.”

Mú ìwé ìpè náà jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀kan wà lápò rẹ, o ń pín in kiri bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Wo ẹnu obìnrin yẹn. Kí lo rí? Èjí ni. Ìyá wa ní èjí? O mu ọmú rẹ̀, o jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ lo di ẹsẹ̀ pósí mú, o ò mọ̀ pé ìyá wa ò ní èjí! Ta ló ní èjí nílé wa yìí? Ọmọ rẹ nìkan. A máa ń bi ara wa pé ibo ló ti rí i. Èmi kì í bi ara mi, mo ti mọ̀.

Àbúrò ìyá wa ni. Ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. O ò gbọ́ ọ rí? Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà gbọ́ ọ? Ìyá wa ò pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí títí tó fi kú, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ yẹn o lọ ra oògùn, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Dúrọ́ọ̀ tí orúnkún rẹ ń kàn yẹn. Ìwé kan wà níbẹ̀ lábẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ òwú, ọwọ́ bàbá wa ló kọ ọ́.

Àbúrò yẹn ni bàbá wa fẹ́ fẹ́. Aṣọ rẹ̀ ni. Ìyá wa ló ń rán an fún un, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí i níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń fẹ́ràn ọkọ àbúrò rẹ̀ nínú ọkàn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, bàbá wa bá ẹgbẹ́ olórin lọ ṣeré nílùú mìíràn, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀, ọjọ́ Ajé ló yẹ kó padà. Iṣẹ́ dá wọn dúró. Ó wá kọ̀wé ránṣẹ́, ó ní, má wá dè mí ní ibùdókọ̀ mọ́ o, òjò ti ń pọ̀ jù, jókòó sílé, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀. Ọwọ́ ìyá wa ni ìwé bọ́ sí. Ó kà á. Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ yẹn, ó tì í pa.

Ó ní òun ò ní i lọ́kàn pé kí ẹnikẹ́ni kú. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ìbínú díẹ̀ wọ àárín wọn ni, kí ọmọ náà rò pé ọkọ ti já òun jù sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, àbúrò rẹ̀ lọ dúró ní ibùdókọ̀, kò rí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún lọ. Ọjọ́rú, ó lọ. Kò sí òrùlé níbi tí èrò ti ń sọ̀ nígbà náà, òjò ń pa á láti òwúrọ̀ títí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fi wọlé, ìyá wa sì jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí, ó ń gbọ́ òjò, ó ń ránṣọ. Ọjọ́bọ̀, ikọ́. Ọjọ́ Ẹtì tí bàbá wa dé, àyà ọmọ náà ti ń ró bí ìkòkò tó ń hó. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ ìgbéyàwó, ó la ojú, ó rí aṣọ rẹ̀ lára ògiri, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rán ẹsẹ̀ aṣọ mi tán.” Ìyá wa ní òun ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní òun dìde, òun jáde. Kí òun tó padà wọlé, ẹ̀mí ọmọ náà ti bọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ó fẹ́ bàbá wa. Wọ́n bí èmi, wọ́n bí ìwọ. Ìwé tí wọn ò jíṣẹ́ rẹ̀ ló bí wa, àbúrò mi.

Má sọ pé mò ń purọ́ mọ́ òkú. Ìwé náà wà níbẹ̀. Fa dúrọ́ọ̀. Fà á, kí ló dé? O ò fẹ́. Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́. Ọjọ́ tí ìyá wa ní kí n kà á, ojú mi ni mo dì, ó sì kà á fún mi láti orí, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Bàbá wa ò mọ̀. Ṣé o rántí orin tó máa ń fun lẹ́yìn ilé, èyí tí ìyá wa á dìde ti fèrèsé tó bá ti bẹ̀rẹ̀? A rò pé ariwo ni ìyá wa ò fẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi náà jẹ̀bi, mi ò fara pamọ́. Ìyá wa ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí yẹn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, mo rò pé ẹni tó tilẹ̀kùn ti parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tì í. Ìwọ lo ṣí i! O ṣí i, o ò bi mí, o tún wá ṣe ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ẹ fìwé pe àbúrò ìyá wa. Ìwé tó yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀, tó ní kó dúró sílé, kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wá gbé ojú rẹ̀ sórí ìwé tuntun, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ àkókò sí i, ẹ kọ àdírẹ́sì gbọ̀ngàn sí i, ẹ ní kó máa bọ̀. Kí lo rò pé ó máa ṣe?

Bi Alákọsílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ ń pọ́n, ó ní òun fẹ́ to àga, òun sì ka àwọn tó dáhùn pé àwọn ń bọ̀, iye wọn fi ẹnì kan ju àwọn tí òun pè lọ. Ó ka orúkọ, orúkọ pé. Ó ka ènìyàn, ènìyàn lé kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú mi, ó ń fi ìdí gègé tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bóyá òun ò sùn dáadáa ni. Mo ní bóyá.

Wá gbọ́ ti aṣọ. Mo gbé e lé orí àga yẹn, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ, ó dán. Mo yà sọ́dọ̀ aládùúgbò lọ gba òwú funfun, mi ò pẹ́ rárá, mo padà dé, ìṣẹ́tí rẹ̀ tutù. Kì í ṣe pé ó rin díẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Mo wo òrùlé, òrùlé ò jò. Oṣù méjì rèé tí òjò ò rọ̀. Mo tún fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún tutù, gbogbo yàrá wá ń rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mú un gbẹ, ọjọ́ mẹ́rin ló fi tutù.

Ojú àgbà? Ojú àgbà ló ń ṣe mí? Fọwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ àga yẹn. Fọwọ́ kàn án, o ò ní kú. Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ rẹ ti gbé aṣọ lọ sílé rẹ láti àná, aṣọ ò sí lórí àga yẹn mọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Nu ọwọ́ rẹ.

Àná ni mo fẹ́ sọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé, oòrùn ń ràn gan-an. Ọmọ wọ aṣọ náà. Mi ò dín in, mi ò fẹ̀ ẹ́, ó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ní ọmọ mi, jẹ́ kí n rán òmíràn tó jọ ọ́ fún ọ. Ó ní rárá. Mo ní jẹ́ kí n fi píìnì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú. Ó ní rárá, ó fẹ́ kó parí. Alákọsílẹ̀ ń wo aago ọwọ́, ó ní òun mọ ẹnì kan ní òpópónà kejì tó máa fi ẹ̀rọ gbá a pọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀rọ kan ibẹ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo di abẹ́rẹ́ náà mú, mo fà á, kò jáde. Mo tún fà á. Bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú láti inú.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ tútù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rán ẹsẹ̀ aṣọ mi tán.”

Ọmọ tí kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí ju Màmá Aránṣọ lọ láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ! Ṣé èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹnu ìyá wa nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan títí di òní tí mò ń sọ ọ́ fún ọ. Mo gbójú sókè, èjí ni mo rí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mò ń wò.

Abẹ́rẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni yọwọ́ nínú omi. Mo fi òwú tuntun sí i, mo rán an. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Àbúrò mi, foríjì mí,” bóyá èmi ni mo sọ ọ́, bóyá ìyá wa ni, mi ò lè búra. Mo fi eyín gé òwú. Ọmọ rẹ ṣẹ́jú, ó ní, “Màmá Aránṣọ, kí ló dé tí ẹ ń sunkún? Ṣé mo tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni?” Kò rántí pé òun sọ nǹkan kan. Alákọsílẹ̀ wá la ẹnu, ó ní ṣebí ẹ rí i, kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn ni mo lé e jáde. Tó bá bí i nínú, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀rù ọmọ rẹ ń bà mí. Aṣọ ti rí ẹni tó ni ín, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ìgbéyàwó yìí, ẹni tí ẹ pè á dé gbọ̀ngàn. Á rí àwòrán ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á rí i pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi pe òun. Á wọlé, á gbọ́ fèrè, á wá ibi tó máa jókòó sí. Bí kò bá rí àga, ibo lo rò pé á dúró sí? Inú aṣọ yẹn ló máa dúró sí, lára ọmọ rẹ, níwájú ọkọ ọlọ́kọ.

Nítorí náà, mi ò bẹ̀ ọ́, mò ń sọ fún ọ ni. Lónìí yìí, lọ sílé ìtẹ̀wé, kí wọ́n yọ “Ìyá Wa” kúrò lábẹ́ àwòrán yẹn, kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò ìyá wa sí i. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà yìí fún ọ, gbà. Pè é sókè. Rárá, pè é kí n gbọ́, kò sẹ́ni tó pè é nílé yìí láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú. Ẹ̀n-ẹ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, àga méjì ni wọ́n tò síwájú fún èmi àti ìwọ. Yọ tèmi kúrò. Èmi á dúró lẹ́yìn. Ẹni tó bí mi ti jókòó sórí àga àbúrò rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí mo bá fi ẹsẹ̀ dúró fún ọ̀sán kan, mi ò ní kú.

Àga yẹn gan-an ni kí o gbé lọ sípò tèmi, èyí tí mo ní kí o má jókòó lé. Ìwọ ni kí o gbé e, kì í ṣe awakọ̀ rẹ, ìwọ tí o lo kọ́kọ́rọ́. Kò wúwo, bóyá ó sì wúwo, mi ò mọ̀. Bọ́ fìlà rẹ. Kí i ná. Ó dáa.

Rọra gbé e, àbúrò mi. Ó ti dúró nínú òjò tó.